Ọ̀rọ̀ Ìgboro Kì í Ṣe Ọmọ Àlè

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ìjọba Nàìjíríà pa owó pọ́n-ùn àti ṣílè tì, ó sì gbé owó tuntun jáde. Ó pe èyí tí ó tóbi ní náírà, ó pe èyí tí ó kéré ní kọ́bọ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ara orúkọ orílẹ̀-èdè yìí ni a ti fa náírà yọ. Ṣùgbọ́n níbo ni a ti rí kọ́bọ̀? Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó ti tábìlì kí ó tó rí i. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn tí ń tà, tí ń rà, ni wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe owó bàbà ní copper, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn tún un pè títí ó fi di tiwọn. Penny ni òyìnbó kọ sára owó náà. Kọ́bọ̀ ni ọjà ń pè é. Nígbà tí ó wá di pé kí a fi orúkọ tí ó jẹ́ tiwa sọ owó wa, òfin kò lọ sí inú ìwé àtijọ́ kan láti wá a. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu ará ìgboro láti ayé òyìnbó ni òfin lọ bá.

Ìtàn yìí ni mo fi ṣí ọ̀rọ̀ mi nítorí pé àwọn kan wà láàárín wa tí ó yẹ kí wọ́n máa rántí rẹ̀ ní àràárọ̀. Olùkọ́ tí ń fi bírò pupa fa ìlà sí ọ̀rọ̀ ìgboro nínú àròkọ ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ìgboro ni a fi ń parí ìṣirò owó oṣù rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tí ó dìde níbi àpérò tí ó ní èdè Yorùbá ti bàjẹ́ nítorí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, bí ó bá délé tí ó sì ní òun kò ní kọ́bọ̀ lápò, òun náà ti dá sí ìbàjẹ́ náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá. Àwọn tí ń sọ òkò sí èdè ọjà kò mọ̀ pé orí bàbá àwọn ni òkò náà ń bà.

Ohun tí mo ń jà fún kò lọ́jú pọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tí a tẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn, pàápàá àwọn tí ó jáde ní Èkó àti Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún 1920, jẹ́ àká ọ̀rọ̀ ìgboro ayé ìgbà náà. Mo ní kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ, kí a kọ ọdún tí a rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, kí a sì fi wọ́n sínú ìwé atúmọ̀-èdè wa bí ọmọ tí a bí nínú ilé. Ẹni méjì ni ó dúró lójú ọ̀nà. Èkíní ni ẹni tí ó ní ìdọ̀tí ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí a gbá wọn dànù. Èkejì ni ẹni tí ó gbà pé wọ́n níye lórí, ṣùgbọ́n tí ó ń ka ìwé ìròyìn bí ẹni pé ohùn mẹ̀kúnnù ni ó ń gbọ́ láìsí ẹni tí ó dúró láàárín. Èmi kò fara mọ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ìwé ìròyìn wọ̀nyí jẹ́. Ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ni èyí tí àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Rògbòdìyàn tí ó lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú náà ní 1867 ni ó pa á. Ìwé Ìròyìn Èkó tẹ̀ lé e ní 1888. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1922 sí 1930 ni nǹkan gbóná. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Ẹlẹ́tì Ọfẹ jáde ní 1923, Dénrelé Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó ní 1928. Ẹ wo orúkọ àwọn ìwé náà. Àkéte ni oríkì tí ará Èkó fi ń pe ìlú rẹ̀. Ẹlẹ́tì ọfẹ ni ẹni tí etí rẹ̀ yá bí etí ehoro, tí ọ̀rọ̀ àdúgbò kì í fò ru. Orúkọ tí a fà láti ẹnu ènìyàn ni wọ́n, kì í ṣe orúkọ tí a túmọ̀ láti inú ìwé àdúrà.

Ìdí sì wà tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba tuntun ti 1922 fún Èkó ní àǹfààní láti dìbò yan ènìyàn mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìdìbò àkọ́kọ́ sì wáyé ní 1923, ọdún tí Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ Dẹ́mọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí, tí ìjọba yọ lóyè ní 1925, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó padà títí di 1931, pín ìlú sí méjì. Àwọn tí ó lè dìbò kò tó nǹkan, nítorí ẹni tí ó ń gba ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni òfin gbà láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè pariwo, tí wọ́n lè ti ìsọ̀, tí wọ́n lè kún ojúde ààfin, kò lóǹkà. Àwọn ni olóòtú ìwé ìròyìn ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá kọ Yorùbá. Kò sì sí bí ènìyàn yóò ti fi èdè ìwàásù nìkan bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́. Òwe wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àfiṣẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, èébú wà níbẹ̀, orúkọ ìnagijẹ sì wà níbẹ̀ yanturu.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ti ẹni èkíní, ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà èdè. N kò ní bu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Ó ní ilé tí a kò bá gbá, ọ̀tá ni yóò gbá a fún wa. Ó ní Yorùbá gidi ni Yorùbá inú Bíbélì, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tí ó parí ní 1884. Òun ni ó so ará Ọ̀yọ́, ará Ẹ̀gbá, ará Oǹdó àti ará Èkìtì pọ̀ lórí èdè kan. Ó ní bí a bá gba gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò àti ọ̀rọ̀ àwàdà wọlé, láìpẹ́ a kò ní mọ ohun tí a jogún mọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a yá.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni ó sì fi léwu. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì náà fúnra rẹ̀. Ta ni ó ń rú ẹbọ níwájú pẹpẹ? Àlùfáà ni. Ta ni ó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀? Wòlíì ni. Kí ni Dáníẹ́lì ń gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́? Àdúrà ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹnu àwọn mùsùlùmí ni wọ́n ti dé ilẹ̀ wa, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí míṣọ́nnárì kankan tó tẹ ilẹ̀ yìí. Lójú ọ̀nà òwò àti ní àdúgbò àwọn àjèjì ni baba wa ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Crowther mọ ohun tí ó ń ṣe. Kò wò ó pé ọ̀rọ̀ àlejò ni. Ó wò ó pé àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́, wọ́n sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n ìgboro ni ó lò. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fi Bíbélì Crowther lé ọ̀rọ̀ ìgboro jáde, ohun tí Crowther kọ́ wa gan-an ni ó ń lòdì sí.

Ẹ̀sùn kejì tí onítọ̀hún máa ń mú wá ni pé ọ̀rọ̀ ìgboro kì í pẹ́. Bí ó ti dé ni ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, púpọ̀ nínú wọn a máa kú. Ṣùgbọ́n ikú wọn gan-an ni ìdí tí a fi ní láti kọ wọ́n sílẹ̀. A kì í torí pé ènìyàn ti kú kí a má sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn tí kò sì kú ńkọ́? Onínì ni a ń pe ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀ láyé òyìnbó, owó tí ó kéré jù lọ tí a tíì ná lórí ilẹ̀ yìí láti ìgbà tí a ti fi owó ẹyọ sílẹ̀. A kò rí i ná mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ àgbà tí ó bá fẹ́ sọ pé òun kò ní ohunkóhun ṣì lè sọ pé òun kò ní onínì. Nígbà tí ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, tí sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, ọjà kò jáwọ́ nínú orúkọ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1973 ni ìyá ọlọ́jà ṣì ń fi ṣílè díye. Owó ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró.

Ẹ̀sùn kẹta ni ó burú jù, nítorí pé ó fi ara pa mọ́ sábẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgboro kò ní ìrònú nínú, pé àwàdà ọ̀lẹ ni. Mo fi ọ̀rọ̀ méjì dá wọn lóhùn.

Èkíní ni àjẹ́lẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, àjẹ́lẹ̀ ni ẹni tí Ìbàdàn fi sí ìlú tí ó ti ṣẹ́gun láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ọba ìlú náà. Ìwà ìkà àwọn àjẹ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde ní 1878, tí ogun Kírìjì fi gbóná, tí àdéhùn àlàáfíà kò fi wáyé títí di 1886. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá fi òyìnbó sí ìlú kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ ọba àti láti máa rí sí owó orí, àwọn baba wa wo ọkùnrin náà, wọ́n wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe, wọ́n sì pè é ní àjẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ìgboro ni ó gbé aṣọ tuntun wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àjẹ́lẹ̀ ṣe ní Èkìtì mọ̀ pé orúkọ náà kì í ṣe oríyìn. Ìjọba amúnisìn ń sọ pé òun wá tún ìlú ṣe ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ará ìlú ti dá a lóhùn pé irú èyí ni a ti rí rí. Èyí ha ni àwàdà ọ̀lẹ bí?

Èkejì ni òṣómàáló. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún a máa tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní àwọn kò ní dìde títí owó àwọn yóò fi pé. Àwọn tí ó jẹ wọ́n lówó ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ wọn. Lónìí, bí a bá pe ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló, ẹ̀rín ni yóò rín, nítorí ó ti di oríkì aápọn. Nínú ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ rí i bí òwò aṣọ ṣe rìn, bí àwìn ṣe rí, bí a ṣe ń gba gbèsè níbi tí kò sí kóòtù nítòsí, àti bí ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín ṣe yí èébú padà di iyì. Ìwé ńláńlá ni onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ìbá kọ láti sọ gbogbo rẹ̀.

N óò fi ẹni èkíní sílẹ̀ báyìí, kí n tó kọjú sí ẹni èkejì, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè pa wá. Ẹni yìí a máa wọ ilé ìpamọ́ ìwé, a máa rí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìròyìn 1935, a sì kígbe pé òun ti gbọ́ ohùn tálákà. Ẹ jẹ́ kí ó rọra. Ta ni ó ni ìwé ìròyìn? Alákọ̀wé ni. Ta ni ó ń san owó ìpolówó ọjà nínú rẹ̀? Àwọn olówó ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgboro bá wọ inú rẹ̀, ẹnìkan ni ó mú un wọlé, kì í sì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo jàgùdà. Ní àwọn ọdún 1930, ìgboro Ìbàdàn kún fún igbe nípa àwọn ọmọkùnrin tí ń yọ́ owó lápò ènìyàn lọ́jà àti ní ibùdókọ̀ ojú irin, jàgùdà sì ni orúkọ wọn nínú ìwé ìjọba àti nínú ìwé ìròyìn. Ẹ wo Bọ́mà. Ní Èkó nígbà ogun àgbáyé kejì, tí ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ-ogun kún ìlú, Bọ́mà ni a ń pe àwọn ọmọkùnrin tí ń mú atukọ̀ òyìnbó lọ sí ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó láti gba owó ìmọ̀nà. Ìjọba ṣe òfin nítorí wọn ní 1941, ó sì ka ìmọ̀nà láìgba ìwé àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ta ni? Ti ọlọ́pàá, ti adájọ́, ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ti olóòtú tí inú ń bí, ti òǹkàwé tí wọ́n jí owó rẹ̀. Ohùn tí ó ń pe ẹlòmíràn ní jàgùdà ni ó dé ọwọ́ wa. Ohun tí àwọn ọmọ náà ń pe ara wọn, ohun tí wọ́n ń pe ọlọ́pàá, ohun tí wọ́n ń pe atukọ̀ tí kò sanwó, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìgboro gan-an, ìyẹn sì ni ó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú ìwé. A kì í fi ojú olójú ríran. Bí a bá kó jàgùdà àti Bọ́mà sínú ìwé atúmọ̀-èdè tí a kò sì sọ ẹni tí ó fi í pe ta ni, ẹjọ́ tí ìjọba amúnisìn dá ni a tún ń dá lẹ́ẹ̀kejì, tí a sì ń pè é ní ìmọ̀ èdè.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù ni ti Sẹ̀gilọlá. Láti oṣù kéje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930, Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó ti fi ẹwà rẹ̀ jẹ ayé ní Èkó, tí àìsàn àti òṣì sì wá dé bá lọ́jọ́ alẹ́. Ó fún ara rẹ̀ ní ìnagijẹ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Àdúgbò tí òǹkàwé mọ̀ ni ó ń dárúkọ, orin tí òǹkàwé ti jó rí ni ó ń rántí, èdè rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé obìnrin náà jókòó tì wá. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Sẹ̀gilọlá? I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ọkùnrin, alákọ̀wé, Kìrìsìtẹ́nì tí ó fẹ́ fi ìtàn náà kìlọ̀ ìwà. Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin ìgboro Èkó tí a rò pé a gbà sílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin ni ó kọ ọ́. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Bí èdè náà kò bá jọ ti òótọ́, àwọn ará Èkó kò ní gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé bí a bá bá ọ̀rọ̀ ìgboro pàdé nínú ìwé ìròyìn, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi í: ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó kọ ọ́, ta ni a sì fi ń bá wí?

Ohun kan tún dùn mí nípa ìwé yìí. Thomas tẹ ìtàn náà bí ìwé odindi ní 1930, ọdún mẹ́jọ kí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó jáde. Síbẹ̀, bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá, ọ̀dọ̀ Fágúnwà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. N kò ní ohun kan bá Fágúnwà jà, ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n igbó ni Fágúnwà mú wa lọ, ìgboro ni Thomas mú wa lọ, àwa sì ti pinnu pé Yorùbá inú igbó ni ó mọ́ jù. Ọdún 2012 ni ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, Karin Barber, tún ìwé Sẹ̀gilọlá tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Netherlands. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àlejò bá bá a gbá ìyẹ̀wù rẹ̀, ó yẹ kí ojú tì í díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ayé 1920 nìkan ni mo ń wí. Ní àwọn ọdún 1950, Adégòkè Adélabú jẹ́ àràbà nínú òṣèlú Ìbàdàn. Ó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń dún bí àrá. Ó pe ọ̀ràn kan ní peculiar mess. Àwọn èrò tí ó gbọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìró, wọ́n sì gbọ́ ìbínú inú rẹ̀. Pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbé lọ sílé. Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1958. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a kú. Nígbà tí Wole Soyinka kọ ìwé nípa ọdún ìdààmú wọ̀nyẹn, tí ó jáde ní 1994, ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi sínú orúkọ ìwé náà. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí ó gbé ohun tí pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì gbé: ìdààmú tí àwọn olóṣèlú dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá sọ nípa rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ àwọn kọ́. Ẹni tí ó bá ní àṣìpè ni, kí ó fún wa ní òmíràn tí ó dára jù ú.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kán mi lójú. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ. Ìlà sábẹ́ lẹ́tà pàápàá a máa yọ sílẹ̀. Bí a bá rí oko níbẹ̀, oko tí a ń ro ni, tàbí ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, tàbí ọkọ̀ tí a wọ̀ dé ibẹ̀? A lè mọ̀ ọ́n nítorí pé a mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ọ̀rọ̀ ìgboro tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè ti ìjọ C.M.S. tí ó jáde ní 1913, tí kò sí nínú ti Abraham tí ó jáde ní 1958, tí kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, báwo ni a ó ṣe pè é? Lẹ́tà rẹ̀ wà lójú ìwé, ohùn rẹ̀ ti sọnù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti bá ohùn lọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní ohùn, òkú ni. Àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè Èkó ti 1925 pẹ̀lú etí àgbà ti lọ tán. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn ṣì wà, tí a lè jókòó tì wọ́n kí a ka ìwé ìròyìn sí wọn létí, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa sọ bí a ṣe ń pè é, àpérò ni àwa ń ṣe lórí bí èdè kò ṣe ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ ní 1955, tí wọ́n gbọ́ Adélabú, tí wọ́n fi tọ́rọ́ ra nǹkan, àwọn kan ṣì wà láàárín wa tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ilẹ̀kùn yìí kò tíì tì pátápátá.

Ẹnìkan yóò bi mí pé, bí a bá fi ọ̀rọ̀ ìgboro sínú ìwé atúmọ̀-èdè, ṣé a kò ní fún ọmọ ní àyè láti máa fi èdè kò-tọ́ bá àgbà sọ̀rọ̀? Rárá. Ìwé atúmọ̀-èdè kì í ṣe ìwé ìwà. Ó lè sọ pé báyìí ni a ń pe ọ̀rọ̀ yìí, báyìí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọdún báyìí ni a kọ́kọ́ rí i, àwọn báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́, èébú ni, má ṣe sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ti ìgboro ni ó lè mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó sọ ọ́. Ọmọ tí a kò sọ fún ni yóò máa ṣì í sọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èdè ààfin, èdè ìwàásù, èdè Ifá àti èdè ibùdókọ̀, gbogbo wọn ni ọ̀nà tí ó wọ inú Yorùbá.

Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa jẹ pé bí àwa kò bá ṣe é, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba jápa wọlé, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń pe kíkúrò nílùú lọ wá ìgbé ayé tí ó sàn lókè òkun. Wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ibi tí ó ti wá, wọ́n kọ ọdún sí i. Ìbànújẹ́ ìran kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ilé Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti gbé rí ibi tí wọ́n gbà á sí. Àwọn ọmọ wa já lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń já lọ náà tẹ̀ lé wọn.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀ ju agbára wa lọ. Àwọn ìwé ìròyìn náà wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àti ní àwọn ilé ìkàwé ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí a fi irú bébà bẹ́ẹ̀ tẹ̀ a máa pọ́n, a máa rún lọ́wọ́ ẹni. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa, tí wọ́n ń náwó lórí ọjọ́ àṣà lọ́dọọdún, ya díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹbí sọ́tọ̀ láti ya àwòrán ojú ìwé wọ̀nyí kí wọ́n tó di eruku. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan gba ìwé ìròyìn kan, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún, dípò àròkọ kan náà lórí òwe tí a ti ń kọ láti ogójì ọdún. Kí a rán àwọn ọ̀dọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó wa pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú ìwé lè rí ohùn rẹ̀ gbà padà.

Bí a bá sì fẹ́ mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bí ọmọ bá kọ ọ̀rọ̀ ìgboro sínú àròkọ, kí ó má ṣe fa ìlà pupa sí i kí ó tó kọ ìbéèrè mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: níbo ni o ti gbọ́ ọ, ta ni ó sọ ọ́, kí ni ó fẹ́ fi sọ? Ìdáhùn ọmọ náà lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni yóò kọ sílẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà láyé.